Inú Ni Abẹ Wọ̀, Èjìká Ni Ó Ń Kérora

Ọ̀gànjọ́ òru ni, ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ni ó ń kùn nínú ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkẹjà, gbogbo aláìsàn ti sùn lọ, àfi obìnrin oníṣòwò aṣọ kan láti ọjà Balógun, ẹni tí àwọn dókítà gé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àpòlúkù rẹ̀ kúrò ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó ṣáájú kí ó lè fọn. Ó jókòó gbagidi sí etí ibùsùn, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá èjìká òsì mú, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń mí, nítorí pé nígbàkigbà tí ó bá mí kanlẹ̀, ìrora náà a tún gún un wọ eegun.

Ìyá rẹ̀, tí ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn láti ṣọ́ ọ, ti fi àbóníkí ra èjìká náà títí tí gbogbo yàrá fi ń ta sánsán. “Àbẹ̀kẹ́, pẹ̀lẹ́. Àbẹ̀kẹ́ mi, rọra,” ni ó ń wí léraléra. Ọmọ náà wojú ìyá rẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, àbí wọ́n já mi ṣubú lórí tábìlì ni? Ikùn kọ́ ni ó ń dùn mí yìí o. Èjìká ni.”

Nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn wọlé, ó wo ojú ọgbẹ́ kéékèèké márààrún tí ó wà ní ikùn aláìsàn náà, ó fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ láti ka bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù, ó sì wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Àǹtí, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká dìde, ká rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ má bínú sí mi, ṣé ẹ ti só?” Ìyá arúgbó náà dìde dúró, ó ní, “Afẹ́fẹ́ wo ni yóò gba inú ikùn kọjá dé èjìká?”

Ìbéèrè tí ó tọ́ ni ìyá yìí béèrè. Ọ̀pọ̀ ni a ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fún tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn rẹ̀ fún kí wọ́n tó gun orí tábìlì, tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí ìrora dé ni wọ́n tó mọ̀ pé ó wà láyé. Mo gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé àìsọ yìí ń dá kún ìyà tí wọ́n ń jẹ, nítorí ìrora tí a ti mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í dẹ́rù bani tó èyí tí ó bá ni lójijì.

Ikùn tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí

Bí dókítà bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ikùn láì la á gbọọrọ, ihò mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó sábà máa ń dá sí i, èyí tí ó fẹ̀ jù nínú wọn kò sì sábà ju mìlímítà 15 lọ. Ojú kámẹ́rà ni yóò gba inú ọ̀kan wọlé, irin iṣẹ́ yóò gba inú àwọn yòókù, dókítà yóò sì máa wo ohun gbogbo tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe lójú tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n kò sí àyè òfìfo nínú ikùn ọmọ ènìyàn: ìfun, ẹ̀dọ̀, ọ̀rá àti awọ ikùn ti fara tira tímọ́tímọ́. Nítorí náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọn a kọ́kọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ títí awọ ikùn yóò fi gbéra kúrò lórí ìfun, bí ìgbà tí a fi òpó gbé àtíbàbà dúró ní ọjọ́ ìnáwó, kí àyè lè gba àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ náà ni carbon dioxide, èyí tí àwa náà ń mí jáde lójoojúmọ́, tí ó sì ń hó nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò bí a bá ṣí i. Lítà mẹ́ta sí márùn-ún rẹ̀ lè wọ ikùn kan, agbára tí wọ́n sì fi ń dì í mú níbẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 12 àti 15 lójú ẹ̀rọ, ní ìwọ̀n kan náà tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìdí tí wọ́n fi yàn án ni pé kì í gbiná nígbà tí irin oníná bá ń jó ojú ọgbẹ́, àti pé ó ń tètè yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ yóò gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró, tí aláìsàn yóò sì mí i sóde.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, àwọn dókítà a tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀, wọn a tẹ ikùn kí èyí tí ó kù lè jáde, wọn a sì rán ojú ihò pa. Síbẹ̀, bí wọ́n ti wù kí wọ́n ṣe é tó, díẹ̀ kì í ṣàì ṣẹ́ kù. Díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù yìí ni ó fò lọ sókè nígbà tí oníṣòwò aṣọ náà jókòó, tí ó lọ sá pamọ́ sí abẹ́ ẹran-iṣan pẹlẹbẹ tí ó la àyà àti ikùn láàárín, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní diaphragm. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé omi ara, tí ó di kíkan díẹ̀, tí ó sì ń ta ojú awọ ibẹ̀. Ẹran-iṣan náà fúnra rẹ̀ kò tíì sinmi, nítorí pé ó ti wà ní nínà fún odindi àkókò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

Ìdí tí ó fi jẹ́ èjìká

Àlàyé tí dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Èkó ṣe fún mi lórí èyí wù mí púpọ̀, nítorí pé ó mú ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin tí oyún bá dúró, ó ní, agbègbè ọrùn ni ẹran-iṣan tí ń bọ̀ wá la àyà àti ikùn láàárín yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọlẹ̀ náà ti ń dàgbà ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ìsàlẹ̀ àyà, ó sì ń fa okùn ìmọ̀lára rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí okùn náà, phrenic nerve ní èdè àwọn oníṣègùn, fi jẹ́ pé láti ibi eegun ọrùn kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ni ó ti ṣẹ̀ wá títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi jíjìn ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Àwọn okùn tí ó ń gba ìmọ̀lára awọ orí èjìká pẹ̀lú, láti ibi eegun kẹta àti ìkẹrin kan náà ni wọ́n ti ń wọ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọpọlọ mọ èjìká dáadáa, nítorí ojoojúmọ́ ayé ni nǹkan ń kan èjìká: aṣọ, ẹrù, ọwọ́ ọmọ, àpò tí a fi kọ́. Kò sí ohun tí ó sábà máa ń ti abẹ́ àyà wá bá a ní ọ̀nà yẹn. Nígbà tí ariwo bá wá gba ibẹ̀ dé, èjìká ni ọpọlọ yóò rò pé ó ń ké.

Dókítà ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Hans Kehr, tí ó gbé ayé láti 1862 títí di 1916, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọrí irú ìrora èjìká òsì tí ń bá ẹni tí spleen rẹ̀, ẹran inú tí ó wà lábẹ́ eegun ìhà òsì, bá fàya tí ẹ̀jẹ̀ sì dà sí abẹ́ diaphragm. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ gbà nígbà náà ni afẹ́fẹ́ ń gbà lónìí. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà dé orí rẹ̀: kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan ni ó lè gba ọ̀nà yẹn.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìwádìí yàtọ̀ síra lórí iye àwọn tí ó ń bá, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá tí a ṣe irú iṣẹ́ abẹ olójú ihò bẹ́ẹ̀ fún ni èjìká wọn ń dùn, ọ̀pọ̀ ìwádìí sì kà á sí jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: ẹni tí a yọ òróòro fún, obìnrin tí a wo ilé ọmọ rẹ̀, àti ẹni tí a gé àpòlúkù rẹ̀, ọ̀kan náà ni èjìká wọn. Ọjọ́ kejì ni ó sábà máa ń le jù, kì í sì í pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn mìíràn a máa mọ̀ ọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀nà jíjìn tí iṣẹ́ náà ti tọ̀ wá

Ó yẹ kí a mọ ohun tí a fi ìrora yìí rà. Ní ọdún 1901, Georg Kelling, dókítà ará Dresden ní Jámánì, fẹ́ afẹ́fẹ́ tí a sẹ́ mọ́ sínú ikùn ajá kan, ó sì ti irin awòran bọ̀ ọ́ láti wo inú rẹ̀. Ní 1910, Hans Christian Jacobaeus ní Sweden gbé e dé ara ènìyàn. Ní 1924, Richard Zollikofer ní Switzerland dámọ̀ràn carbon dioxide ní ipò afẹ́fẹ́ lásán. Láàárín àwọn ọdún 1960, Kurt Semm ní Jámánì ṣe ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́ náà fúnra rẹ̀, tí kò fi ní pọ̀ jù nínú ikùn.

Ní ti iṣẹ́ abẹ ìsanra, Edward Mason ti Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gé àpòlúkù sí méjì, tí ó sì so èyí tí ó kéré mọ́ ìfun, ní 1966. Nígbà náà, ikùn ni wọ́n ń là láti ìsàlẹ̀ àyà dé ìdodo. Ọgbẹ́ gígùn bẹ́ẹ̀ lára ẹni tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ kì í tètè jinná. Ó ń kẹ̀, ojú rẹ̀ a sì tún máa já lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ìfun yóò wú síta. Ìgbà tí Alan Wittgrove àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Diego ṣe iṣẹ́ kan náà láti ojú ihò ní 1993 ni ayé àwọn aláìsàn yípadà. Ẹni tí ìbá lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn ń lọ sílé ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Èjìká tí ó ń dunni fún ọjọ́ mẹ́ta ni owó tí a san fún ihò kékeré yẹn, mo sì rò pé ọjà náà kò gbówó lórí.

Afẹ́fẹ́ méjì, ilé méjì

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù nìyí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó wà nínú ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún, ilé wọn kò sì papọ̀. Èkínní ni èyí tí àwọn dókítà fẹ́ sí i, tí ó wà lẹ́yìn ìfun, láàárín awọ ikùn àti àwọn ẹran inú. Kò ní ẹnu ọ̀nà. Kò lè gba ọ̀nà ọ̀fun jáde, kò sì lè gba ìdí jáde. Inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè yọ́ sí.

Èkejì wà nínú ìfun gan-an. Oògùn oorun àti àwọn oògùn ìrora líle ti mú kí ìfun dákẹ́. Ìfun kékeré a máa jí láàárín wákàtí 24, àpòlúkù láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìfun ńlá ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ní gbogbo àkókò yìí, afẹ́fẹ́ tí aláìsàn ń gbé mì pẹ̀lú itọ́ àti omi kò rí ọ̀nà lọ, inú a fẹ̀, a máa kùn, a sì máa lọ́. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń béèrè ohun tí ojú ń ti àwọn mìíràn láti dáhùn. Ẹni tí ó bá só ti mú ìhìn rere wá: ìfun rẹ̀ ti jí.

Òògùn èkínní kì í ṣe òògùn èkejì. Hóró tí a ń jẹ láti fọ́ afẹ́fẹ́ inú ìfun, simethicone, kò lè kan èyí tí ó wà lẹ́yìn ìfun, bí a tilẹ̀ gbé odindi páálí rẹ̀ mì. Awakọ̀ akẹ́rù kan tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ tirẹ̀ ní Ìbàdàn sọ fún mi pé nígbà tí èjìká kò jẹ́ kí òun sùn lọ́jọ́ kẹta, òun rántí ohun tí bàbá òun máa ń lò bí inú bá ń lọ́ ọ, òun sì ní kí ìyàwó òun po iyọ̀ tí ń hó yọ̀ọ̀ nínú omi fún òun. “Mo rò pé màá gùnfẹ̀, kí ara tù mí,” ni ó wí. “Àfi bí ẹni pé wọ́n fi igi ti àyà mi láti inú wá. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń làágùn, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí.”

Kò yani lẹ́nu. Àpòlúkù tí ó ti ń gba lítà kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a gé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ kúrò, kò lè gbà ju nǹkan bí mìlílítà 100 sí 150 lọ mọ́, ojú rírán rẹ̀ ṣì tútù, ó ṣì wú. Iyọ̀ tí ń hó a máa bí carbon dioxide tuntun sínú rẹ̀. Àìmọ̀kan àìmọ̀kàn ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ṣùgbọ́n mi ò dá awakọ̀ yìí lẹ́bi, nítorí ẹni tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún un kò kìlọ̀.

Ìsanra, ìtìjú àti ìpamọ́

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa ara wa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí a bá rí ẹni tí a ti rí tipẹ́, tí a sì wí pé, “Ara rẹ mà ti yọ̀ o,” ìkíni ni. Obìnrin tí ara rẹ̀ kún ni à ń kì ní ìbàdí-àrán, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú ni a ń rò pé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rù lójijì ni ẹnu ń kùn sí: àìsàn wo ló ń ṣe é, tàbí ta ló ń ṣe é? Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi “ọ̀rọ́bọ́” ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìgboro kò jẹ́ kí ẹni tí ó sanra ní àlàáfíà pẹ̀lú, tí ó fi jẹ́ pé ó wà láàárín ẹni tí ń yìn ín àti ẹni tí ń bú u, kò sì sí èyí tí ó béèrè bí ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ ti ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni àjọ ìlera àgbáyé ti kà á ní 2022 pé àwọn àgbàlagbà tí ìsanra wọn ti di àìsàn tó mílíọ̀nù 890 káàkiri ayé. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní òṣùwọ̀n: a óò sọ gíga ẹni ní mítà di ìlọ́po ara rẹ̀, a óò sì fi pín ìwọ̀n kílò ẹni. Láti 1991, ẹni tí tirẹ̀ bá tó 40, tàbí 35 pẹ̀lú àìsàn mìíràn bí ìtọ̀ ṣúgà, ni wọ́n ń kà yẹ fún abẹ. Ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ náà sọ 35 nìkan di èyí tí ó tó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń wí yìí. Ìlera loògùn ọrọ̀.

Síbẹ̀, ìkọ̀kọ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń lọ ṣe é. Ẹnì kan á sọ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé òun ń lọ sí Abẹ́òkúta, yóò sì gba Turkey lọ. Ẹlòmíràn á sọ fún ẹbí pé ìju ni wọ́n fẹ́ gé. Ìdí wà: bí ó bá fẹnu kàn án, ẹ̀gbọ́n á ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ìyá á ní kí ó gbààwẹ̀, aládùúgbò á ní ọ̀lẹ ni, kí ó máa sáré láàárọ̀. Nígbà tí èjìká bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, kò sí ẹni tí ó lè bi léèrè. Nọ́ọ̀sì kan tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún lọ́hùn-ún, wí pé òun fúnra òun ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ nígbà tí èjìká mú òun, àrùn ọkàn ni òun rò. “Ìlà kan ni wọ́n fi sọ ọ́ nínú ìwé tí wọ́n fún mi,” ni ó wí, “ìlà kan ṣoṣo, ní ojú ewé tó kẹ́yìn.”

Ohun tí ń mú un rọ̀

Iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti aláìsàn. Bí dókítà bá lè lo agbára afẹ́fẹ́ tí ó kéré ní ìwọ̀n tí iṣẹ́ gbà láyè, tí ó bá fi sùúrù tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, tí dókítà oorun bá sì fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró kún dáadáa nígbà mélòó kan kí wọ́n tó di ihò pa, kí diaphragm lè ti èyí tí ó kù síta, ìwádìí ti fi hàn pé ìrora èjìká ń dín kù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ lè béèrè, kò sì sí àfojúdi níbẹ̀, bóyá wọn a máa ṣe é.

Ní ti aláìsàn, rírìn ni wọ́n ń tẹnu mọ́ jù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ìyókù ọ̀rọ̀ fún un: bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, èjìká lè tún le sí i, nítorí afẹ́fẹ́ ń fò lọ sókè. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò padà dùbúlẹ̀, yóò sì rò pé rírìn ń pa òun lára. Kí ó rìn díẹ̀, láti ibùsùn dé ojú fèrèsé, kí ó sinmi, kí ó tún rìn; ìfun yóò tètè jí, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dì sí i lẹ́sẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ewu tí ó tóbi ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá wá le koko, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ó ká orúnkún sókè, ara yóò rọ̀ ọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Aṣọ tí a fi omi gbígbóná rẹ, tí a fún gbẹ, tí a sì gbé lé èjìká, ń tuni lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ kọ́ ni orísun ìrora. Nítorí náà, ìyá Àbẹ̀kẹ́ kò ṣe aburú pẹ̀lú àbóníkí rẹ̀, bí kò bá ṣáà ti kan ojú ọgbẹ́. Parasitamọ́ọ̀lù ni àwọn dókítà sábà ń kọ́kọ́ fúnni. Ibuprofen àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe rà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, pàápàá ẹni tí a so àpòlúkù rẹ̀ mọ́ ìfun, nítorí wọ́n lè dá egbò sí ojú ibi tí a so pọ̀. Àgbo pẹ̀lú, ì báà jẹ́ ti efinrin tí a mọ̀ sí oògùn inú, kí ó dúró títí dókítà yóò fi gbọ́ sí i.

Mímu omi ni mo rí tí ó gba sùúrù jù. Ní yàrá tí Àbẹ̀kẹ́ wà, ife pélénjé kan wà lórí tábìlì, irú èyí tí a fi ń wọn oògùn olómi fún ọmọdé, tí ó gba mìlílítà 30. Omi inú rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fi bí ìdá mẹ́rin wákàtí kan mu tán. Ó gbé e dé ẹnu, ó kan ètè, ó dá a padà; ó wo agogo; ó tún gbé e. Ẹni tí ó ti ń gbé ìgò omi mì ní ìdákẹ́kan nínú oòrùn ọjà kò mọ bí a ti ń ṣe èyí, ó ní láti kọ́ ọ. Wọn kò fún un ní páìpù tí a fi ń fa ohun mímu, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó ń kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ wọlé. Ṣingọ́ọ̀mù kò sí, ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò sí, kò sì gbọ́dọ̀ máa rojọ́ tí ó bá ń mu ún.

Nígbà tí kì í ṣe afẹ́fẹ́ mọ́

Mo ti wí pé kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan ni ó lè gba ọ̀nà èjìká. Nínú àwọn tí a gé àpòlúkù wọn, bí ẹnì kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni ojú rírán wọn ń jò, ibi tí ó sì sábà máa ń jò sí ni òkè pátápátá, lẹ́bàá ibi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọlé, lábẹ́ diaphragm ìhà òsì gan-an. Omi inú tí ó bá dà síbẹ̀ yóò mú kí èjìká òsì dunni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń ṣe. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ “afẹ́fẹ́ ni, yóò lọ” léwu lẹ́nu ẹni tí kò yẹ aláìsàn wò.

Oníṣẹ́ abẹ ará Èkó tí mo ti mẹ́nu bà lókè sọ ìyàtọ̀ náà báyìí: “Ti afẹ́fẹ́ ń rọlẹ̀ lójoojúmọ́. Ti ọ̀la a dín ju ti òní lọ. Bí ti ọ̀la bá pọ̀ ju ti òní, ẹ má pè é ní afẹ́fẹ́ mọ́.” Ó ní ọkàn tí ń sáré ni àmì tí òun ń bẹ̀rù jù, nítorí ó lè ti máa sáré kí ibà tó dé, kí ikùn tó le. Ibà tí ó bá tó 38, èémí tí kò délẹ̀, èébì tí kò dá, ẹsẹ̀ kan tí ó wú tí ó sì ń dùn, ìrora àyà tí ó ń lọ sí apá tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sí èyí tí a ń fi àbóníkí wò nínú wọn. Jíjò náà sì lè dé lẹ́yìn tí aláìsàn ti padà sílé, ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì, nígbà tí ẹni tí ó ṣe é ní ìkọ̀kọ̀ ti wà nínú yàrá rẹ̀ ní òun nìkan, tí ó ń sọ fún àwọn ará ilé pé ibà lásán ni.

Ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, nọ́ọ̀sì àgbà kan ti sọ ọ́ di àṣà pé ẹnikẹ́ni tí yóò bá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan ṣoṣo dání ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ọkọ, ọ̀rẹ́ tàbí ọmọ tí ó ti dàgbà, ẹni tí yóò mọ àṣírí náà tí yóò sì pa á mọ́. Yóò fi ife mìlílítà 30 hàn wọ́n, yóò fọwọ́ kan èjìká aláìsàn láti fi ibi tí yóò dùn ún hàn, yóò sì gbé ìka méjì ẹni tí ó tẹ̀ lé e lé ọrùn ọwọ́ aláìsàn títí yóò fi mọ bí ọkàn ti ń lù. “Ẹ fi fóònù yín wo ìṣẹ́jú kan,” ni ó ń wí fún wọn, “kí ẹ máa kà á. Bí ó bá lé ní 120, tí kò sì rìn, tí kò ṣiṣẹ́, tí ó kàn jókòó sílẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ kí ó mọ́, ẹ má sì ní àwọn ará ilé á gbọ́. Ẹ pè mí, kí ẹ sì máa gbé wọn bọ̀.”